Huguenot ilẹ̀ Faransé: ṣé ọba lé wọn jáde ni, àbí ó há wọn mọ́lé?

ỌmọKúdẹtì:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa níbí n'Ìbàdàn ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa àwọn Huguenot, ìyẹn àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ Faransé àtijọ́, ní Sátidé tó ń bọ̀. Wákàtí kan péré ni wọ́n fún mi. Ibì kan wà tí kò yé mi nínú ohun tí mo kà. Ìwé kan ní Ọba Louis Kẹrìnlá lé wọn kúrò nílùú ní 1685. Òmíràn ní ọba yìí kan náà ló fòfin dè wọ́n pé wọn ò gbọdọ̀ jáde. Èwo ni ká gbà? Tó bá sì jẹ́ pé ó tilẹ̀kùn mọ́ wọn, báwo ni wọ́n ṣe dé London, Berlin, títí dé Gúúsù Áfíríkà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwàásù dá mi lóhùn. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo fẹ́.

Bàbá Ìtàn:
Méjèèjì lòótọ́, ọmọ mi. Àwọn pásítọ̀ ni ọba lé. Àwọn ọmọ ìjọ ló há mọ́lé. Inú àṣẹ kan ṣoṣo ni méjèèjì wà: Àṣẹ Fontainebleau, October 1685. Pásítọ̀ tó bá kọ̀ láti di Àgùdà, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún un kó fi ilẹ̀ Faransé sílẹ̀; bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó dèrò inú ọkọ̀ alájẹ̀ nìyẹn, ìyẹn ọkọ̀ ọba tí ẹlẹ́wọ̀n ń fi àjẹ̀ wà. Ọmọ rẹ̀ tó bá ti pé ọdún méje, wọn ò jẹ́ kó mú un lọ. Ẹsẹ kẹwàá àṣẹ náà ló wá kan àwọn yòókù: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde, ẹrù ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde. Ọkùnrin tọ́wọ́ bá tẹ̀, àjẹ̀ ni yóò máa wà. Obìnrin, wọ́n á tì í mọ́lé, wọ́n á sì gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní rẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo ilé ìjọsìn wọn di wíwó, kí ilé ẹ̀kọ́ wọn di títì, kí ọmọ tí wọ́n bá bí láti ọjọ́ náà lọ gba ìrìbọmi Àgùdà. Lé olùṣọ́ àgùntàn, kí o ti ọgbà mọ́ agbo: ète ọba nìyẹn.

Ìdí tí kò fi jẹ́ kí wọ́n lọ ò ṣòro. Owó orí wà lára wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wà lára wọn, atukọ̀ pọ̀ nínú wọn. Èyí tó tún ju ìyẹn lọ, ọ̀rọ̀ ìṣáájú àṣẹ náà sọ pé èyí tó pọ̀ jù, tó sì dára jù nínú àwọn ẹlẹ́sìn yìí ti di Àgùdà, pé kò sí ohun tí wọ́n tún fẹ́ fi ìwé ìdáàbòbò àtijọ́ ṣe mọ́. Gbogbo ẹni tó bá sọdá bodè ń fi hàn pé irọ́ ni.

Ṣùgbọ́n má bẹ̀rẹ̀ láti 1685 o. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ á rò pé òjijì ni. Bẹ̀rẹ̀ láti 1598, Àṣẹ Nantes, tí Henri Kẹrin fọwọ́ sí. Huguenot lòun náà tẹ́lẹ̀, ó yí padà ní 1593 kí Paris tó gbà á. Ẹsẹ 92 ló wà nínú àṣẹ náà, pẹ̀lú 56 tí wọn ò kéde: ibi tí wọ́n ti lè jọ́sìn (Paris fúnra rẹ̀ ò sí níbẹ̀, Charenton lẹ́yìn odi ni wọ́n ń lọ), ilé ẹjọ́ tí adájọ́ wọn wà nínú rẹ̀, àti àwọn ìlú olódi tí ọmọ ogun tiwọn ń ṣọ́. Wọ́n pa Henri ní 14 May 1610. Lásìkò ọmọ rẹ̀, Kádínà Richelieu, olórí ìjọba ọba, dó ti La Rochelle, ìlú olódi Huguenot létí òkun, láti 1627 sí 1628. Ó mọ odi sínú òkun, ó tó kìlómítà kan ààbọ̀, kí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì má baà gbé oúnjẹ wọlé. Ebi pa ìlú náà débi pé nínú èèyàn tó lé ní 20,000, nǹkan bíi 5,000 ló kù nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Àdéhùn Alès ní 1629 gba odi àti ọmọ ogun lọ́wọ́ wọn, ó fi ìjọsìn sílẹ̀ fún wọn. Láti ọjọ́ náà, ìwé nìkan ló ń dáàbò bò wọ́n, ọwọ́ ọba ni ìwé sì wà.

Louis Kẹrìnlá ò kọ́kọ́ ya ìwé yẹn. Ńṣe ló ń ká a ní ẹsẹ ẹsẹ: ohun tí àṣẹ Nantes ò bá dárúkọ, wọ́n ti kà á léèwọ̀. Ìsìnkú di òwúrọ̀ kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́, kí èèyàn má sì ju ọgbọ̀n lọ níbẹ̀. Ní 1669 ó fòfin de kí ọmọ ìlú lọ tẹ̀dó sílẹ̀ òkèèrè. Ní 1676 wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ lábẹ́ Paul Pellisson, tí òun náà ti kúrò nínú ẹ̀sìn wọn, láti máa fún ẹni tó bá yí padà lówó, bíi livre (owó Faransé nígbà náà) mẹ́fà fún tálákà. Ní 1680, agbẹ̀bí wọn ò gbọdọ̀ gbẹ̀bí mọ́. Ní 1681, òfin ní ọmọ ọdún méje lè sọ pé òun di Àgùdà, òbí ò sì lè dí i lọ́wọ́. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn sójà tí wọ́n ń pè ní dírágónì wọ ilé wọn ní Poitou, ẹkùn kan ní ìwọ̀-oòrùn Faransé.

ÒǹkàwéÀgbọ̀wọ́:
Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ dírágónì yẹn sọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń ṣe àṣìṣe. Kì í ṣe pé wọ́n kó sójà wá kí wọ́n pa wọ́n. Dírágónì ni sójà tó ń fẹṣin rìn, tó ń fẹsẹ̀ jà. Wọ́n á pín wọn wọ ilé Huguenot, wọ́n á yọ ilé Àgùdà sílẹ̀. Onílé ló máa bọ́ sójà, tó máa bọ́ ẹṣin, tó máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un, tó tún máa fún un lówó lójoojúmọ́. Sójà lè lu ìlù mọ́jú kí onílé má sùn, kó fọ́ àga dáná, kó ta màlúù. Ọjọ́ tí onílé bá fọwọ́ sí ìwé pé òun kọ ẹ̀sìn òun sílẹ̀, wọ́n á kó kúrò, wọ́n á lọ kún àwọn tó wà nílé aládùúgbò. Ẹ wò ó dáadáa: bí ẹnì kan bá ṣe ń fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù ẹni tí kò tíì fọwọ́ sí i ń wúwo. Ìdí nìyẹn tí àdúgbò kan fi ń yí padà lọ́sẹ̀ kan. Ní Poitou, Marillac tó jẹ́ aṣojú ọba níbẹ̀ ròyìn ẹni tó lé ní 30,000. Ìròyìn rẹ̀ tàn débi pé Charles Kejì ní Ìlú Ọba kéde ní July 1681 pé ẹni tó bá sá wá á rí àyè.

Bí ẹ bá fẹ́ kó yé ọmọ Ìbàdàn, ẹ rántí àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn ń rán lọ sí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, bí àwọn àti ọmọ ẹ̀yìn wọn ṣe ń jẹ ilé onílé títí ọ̀rọ̀ fi dogun Kírìjì ní 1877. (Ẹ má bínú sí mi, ìtàn ni.) Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìṣákọ́lẹ̀ ni ajẹ́lẹ̀ ń wá, ìbuwọ́lùwé ni dírágónì ń wá.

Ní ti bí wọ́n ṣe jáde: òkun àti ilẹ̀. Àwọn ará Normandy, La Rochelle àti Bordeaux gba òkun. Wọ́n á bá ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Hólándì dúnàádúrà, ọkọ̀ kékeré á gbé wọn láti etíkun lóru lọ bá ọkọ̀ ńlá lẹ́yìn tí àwọn ayẹ̀wò bá ti kúrò. Àwọn mìíràn wọ inú àgbá wáìnì òfìfo, tàbí kí wọ́n dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹrù. Nígbà tí ìjọba gbọ́, wọ́n ní kí wọ́n máa fi èéfín sínú ọkọ̀ kó tó ṣíkọ̀, kí ẹni tó bá sá pamọ́ wúkọ́ jáde.

Àwọn ará gúúsù àti Dauphiné gba òkè lọ sí Geneva. Òru ni wọ́n ń rìn. Wọ́n ń yẹra fún afárá nítorí afárá ni ẹ̀ṣọ́ máa ń wà, àmọ̀nà á sì mú wọn gba inú igbó. Wọ́n ń múra bí alágbe, bí olùpàtẹ, bí darandaran. Ọmọ ọwọ́ ló ṣòro jù: igbe kan lè tú gbogbo ẹgbẹ́ fó. Àwọn kan fi ọmọ sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n da ẹ̀fọ́ bò ó. Bàbá sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, ìyàwó á tẹ̀ lé e lẹ́yìn oṣù mélòó kan, bó bá ṣeé ṣe.

Owó ló ń tú wọn fó jù. Ẹni tó bá ta ilé àti oko lẹ́ẹ̀kan náà ti kéde ara rẹ̀. Láti 1682 sì ni òfin ti ń fagi lé ilẹ̀ tí Huguenot bá tà kí ó tó sá, kò sí ẹni tó máa fẹ́ rà á. Oníṣòwò rí ọ̀nà: ó san owó fún ẹlòmíràn ní Rouen, ó gba ìwé tí wọ́n máa fi sanwó padà fún un ní Amsterdam tàbí London. Àgbẹ̀ ò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìdí kan nìyẹn tí ahunṣọ, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ fi pọ̀ nínú àwọn tó lọ, tí àgbẹ̀ Cévennes, ilẹ̀ olókè kan ní gúúsù, fi pọ̀ nínú àwọn tó dúró. Ilẹ̀ ò ṣeé dì sínú ẹrù.

Àwọn àmọ̀nà kan gba owó tán, wọ́n fà wọ́n lé ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́, nítorí ẹni tó bá tú èèyàn fó ní ìpín nínú ohun ìní rẹ̀. Nǹkan bíi 1,500 ọkùnrin ni wọ́n rán lọ sínú ọkọ̀ alájẹ̀ ní Marseille nítorí ẹ̀sìn. Èèyàn márùn-ún ló ń wa àjẹ̀ kan, wọ́n sì lé ní 250 nínú ọkọ̀ kan, wọ́n dè wọ́n mọ́ ìjókòó. Jean Marteilhe, ọmọkùnrin Bergerac, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní Marienbourg ní 1701 nígbà tí kò ju ọmọdékùnrin lọ. 1713 ni wọ́n tú u sílẹ̀, lẹ́yìn tí Ayaba Anne ti Gẹ̀ẹ́sì dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n Mọ́kọ́lá:
Iye wọn ńkọ́? Mo rí i níbì kan pé 800,000 ló jáde, pé Faransé sì di ahoro. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àbúrò yìí lọ sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ.

800,000 ni gbogbo Huguenot tó wà ní Faransé, láàárín èèyàn bíi mílíọ̀nù 20. Àwọn tó jáde wà láàárín 150,000 sí 200,000, kì í sì í ṣe lọ́dún kan. Ó bẹ̀rẹ̀ ṣáájú 1685, ó sì ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹnì kan ló lọ. Hólándì ló gbà jù, lẹ́yìn náà Ìlú Ọba tó gbà tó 40,000 sí 50,000, kí a tó dé Brandenburg tó gbà tó 20,000.

Lórí ahoro: Vauban, ẹni tó ń mọ odi fún ọba, kọ ìwé sí ìjọba ní 1689 pé kí wọ́n pè wọ́n padà. Ó ka àdánù náà: èèyàn 80,000 sí 100,000, owó mílíọ̀nù 30 livre, atukọ̀ 9,000 tó lọ kún ọkọ̀ ọ̀tá, ọ̀gágun 600 àti sójà 12,000. Akíkanjú ọkùnrin ni, àbí ta ló ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí Louis? Wọn ò sì gbọ́ tirẹ̀. Àmọ́ ogun àti ìyàn dá kún ohun tó bá ọrọ̀ ajé Faransé nígbà náà, ẹ má di gbogbo rẹ̀ ru Huguenot. Ìlú tó gbà wọ́n ló jèrè gidi. Schomberg, Pùròtẹ́sítáǹtì tó jẹ́ ọ̀gágun àgbà Faransé tẹ́lẹ̀, abẹ́ William Kẹta, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ló kú sí lójú ogun Boyne ní Ireland ní 1690.

Ẹ má sì sọ wọ́n di áńgẹ́lì. Lóòótọ́, àwọn Àgùdà pa wọ́n bí ẹran ní Paris ní 24 August 1572, Ọjọ́ Bartholomew Mímọ́: Coligny, olórí àwọn Huguenot, ni wọ́n kọ́kọ́ pa, ìpakúpa náà sì tàn dé Orléans, Lyon àti Rouen. Ṣùgbọ́n ní Nîmes ní 1567, àwọn Huguenot ló kó àwọn àlùfáà Àgùdà, tí wọ́n pa wọ́n.

Ìyá Olófì:
Ẹ̀yin ọkùnrin, ogun àti òfin nìkan ni. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Àwọn tó hun ṣẹ́dà ní Tours àti Lyon ló lọ kún Spitalfields, lẹ́yìn odi London apá ìlà oòrùn. Kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀? Owó ilé ò wọ́n, ó sì bọ́ lọ́wọ́ àṣẹ àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ inú ìlú. Òkè ilé lábẹ́ òrùlé ni wọ́n ń to òfì wọn sí, tí wọ́n ṣe fèrèsé gbàǹgbà sí i, nítorí ahunṣẹ́dà nílò ìmọ́lẹ̀ láti rí òwú tó tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ sányán á mọ ohun tí mò ń wí: òwú sányán tiwa le, ó rí pákọ́pákọ́, ó lè gba ọwọ́ kíkan, ṣẹ́dà tiwọn, bí o bá fà á jù, ó já. Ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn ni bodè kankan ò lè gbà. Nílẹ̀ Ireland, Louis Crommelin ló ṣètò iṣẹ́ aṣọ ọ̀gbọ̀ ní Lisburn láti 1698.

Sọ fún àwọn ọ̀dọ́ nípa ilé kan ní Brick Lane. Huguenot kọ́ ọ ní 1743, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì lò ó lẹ́yìn wọn, ó di sínágọ́gù Júù ní 1898, àwọn ará Bangladesh sì sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí ní 1976. Ilé kan náà, ogúnléndé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àní ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ogúnléndé, ọ̀dọ̀ àwọn Huguenot yìí ló ti bọ́ sẹ́nu wọn. Ìbàdàn náà mọ bó ṣe ń rí. Àwọn tí ogun tú kúrò ní Òwu àti Ọ̀yọ́ Ilé ló kún un.

ỌmọKúdẹtì:
Ẹ ṣeun púpọ̀, sà àti mà. Ìbéèrè méjì ló kù. Kí ló mú Berlin wù wọ́n, ibi tí wọn ò gbọ́ èdè? Àti pé kí ni àwọn tó dúró ṣe láìsí pásítọ̀?

Bàbá Ìtàn:
Berlin ò wù wọ́n. Ohun tí wọ́n fún wọn ló wù wọ́n. Friedrich Wilhelm ti Brandenburg, tí ìlú rẹ̀ ti ṣófo látàrí Ogun Ọgbọ̀n Ọdún (1618 sí 1648), gbé Àṣẹ Potsdam jáde ní November 1685, kò tó oṣù kan lẹ́yìn ti Fontainebleau. Ka ẹsẹ rẹ̀, ìwọ á rí ẹni tó mọ ohun tí ogúnléndé nílò. Ẹni tó bá dé Amsterdam, aṣojú rẹ̀ níbẹ̀ á fún un ní ọkọ̀ àti oúnjẹ títí dé Hamburg. Ẹni tó bá gba orí ilẹ̀ wá, kó lọ sí Frankfurt tàbí Cologne, wọ́n ń retí rẹ̀. Ẹrù rẹ̀ ò san owó bodè. Ilé tó ti wó tí kò sí olówó rẹ̀, wọ́n á fún un, pẹ̀lú igi, ẹfun àti bíríkì láti tún un kọ́, kò sì ní san owó orí fún ọdún mẹ́fà. Oníṣẹ́ ọwọ́ ń wọ ẹgbẹ́ láìsan owó ìwọlé. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní pásítọ̀ tí ìjọba ń sanwó fún, tó ń fi Faransé wàásù, ẹjọ́ láàárín ara wọn sì wà lọ́wọ́ adájọ́ tiwọn. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1700, nínú márùn-ún ní Berlin, ẹnì kan jẹ́ Huguenot. Wọ́n gbin tábà ní Uckermark. Ẹ̀sìn Calvin, irú ti àwọn Huguenot gan-an, ni ọba náà ń ṣe, Lutheran ni àwọn ará ìlú rẹ̀, nítorí náà ó ń wá ẹni tirẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe àánú nìkan.

Gúúsù Áfíríkà kéré níye: bíi 200 èèyàn ní 1688 àti 1689, ọkọ̀ Voorschoten àti Oosterland wà lára èyí tó gbé wọn. Simon van der Stel, gómìnà Hólándì níbẹ̀, mọ̀ọ́mọ̀ pín wọn sáàárín àwọn Hólándì kí èdè wọn lè parẹ́, ó sì parẹ́ láàárín ìran méjì. Orúkọ ló kù: du Toit, de Villiers, Joubert, Malan. Sọ òótọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ pé àwọn tó sá fún ìnira ní Faransé fi ẹrú ṣiṣẹ́ lóko wáìnì ní Franschhoek. Ní ìdàkejì, Anthony Benezet, tí wọ́n bí sílé Huguenot ní Saint-Quentin ní 1713, lo ayé rẹ̀ ní Philadelphia láti bá òwò ẹrú jà.

ÒǹkàwéÀgbọ̀wọ́:
Ní ti àwọn tó dúró: inú ìwé, Àgùdà tuntun ni wọ́n. Nílé, wọ́n ń ka Sáàmù. Wọ́n pe ìgbà náà ní Aginjù, nítorí inú ihò àpáta àti àfonífojì ni wọ́n ti ń jọ́sìn. Àga ìwàásù wọn ń ká jọ di àgbá ọkà kí sójà má baà dá a mọ̀. Obìnrin ń fi ìwé mímọ́ kékeré sínú irun dídì. Ní 1702, àwọn ará Cévennes pa du Chaila, àlùfáà Àgùdà kan, wọ́n sì gbé ohun ìjà. Camisard ni wọ́n ń pè wọ́n, Jean Cavalier sì jẹ́ olórí kan nínú wọn. Ogun yẹn ò gbà wọ́n là. Antoine Court ló tún ìjọ tò láti 1715: ó pe síńọ́ọ̀dù níkọ̀kọ̀, ó lé àwọn aríran kúrò lórí àga ìwàásù, wọ́n sì dá ilé ẹ̀kọ́ pásítọ̀ sílẹ̀ ní Lausanne. Marie Durand wọ Ilé-ìṣọ́ Constance ní Aigues-Mortes ní 1730 torí pé pásítọ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ọdún 38 ló lò níbẹ̀. Bí ó bá sọ pé òun kọ ẹ̀sìn náà, ilé ló ń lọ lọ́jọ́ náà. 1787 ni Louis Kẹrìndínlógún tó gbà kí wọ́n forúkọ ọmọ àti ìgbéyàwó wọn sílẹ̀ lábẹ́ òfin.

Ohun kan tí ẹ lè lò ní Sátidé: méreau. Owó òjé kékeré ni, tí kì í ṣe owó. Lójú kan, olùṣọ́ àgùntàn tó ń fun fèrè, lójú kejì, Bíbélì tó ṣí sílẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ ló ń fún ẹni tí wọ́n mọ̀, òun ló sì máa fà lélẹ̀ kó tó jẹ oúnjẹ Olúwa, kí amí má baà wọlé. Ẹ gé páálí róbótó fún wọn ṣáájú, ẹ fi ọmọ méjì sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá gbàgbé tirẹ̀ sílé, kó dúró síta fún ìṣẹ́jú márùn-ún, bó ti wù kí ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹni ńlá tó nínú ìjọ.